Bí Ẹ Ṣe Lè So Kọ̀ǹpútà Ṣọ́ọ̀bù Yín Mọ́ Cloud Tí Olè Kò Fi Ní Ráyè Wọlé

Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ tà láwìn láyé àtijọ́ kì í fi owó wọn ṣeré. Bí ọjọ́ àdéhùn bá pé, oníṣòwò yóò padà lọ sí ìlú tó ti tajà, yóò lóṣòó sílé onígbèsè títí owó rẹ̀ yóò fi pé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Òṣómàáló.

Lónìí, inú kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń kọ gbèsè àti ọjà sí. Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà ní Iléṣà, tó tún ní ẹ̀ka ní Òkè-Fíà ní Òṣogbo. Kọ̀ǹpútà wà ní ṣọ́ọ̀bù méjèèjì, ó sì háyà ààyè sórí cloud, níbi tí ìṣirò wọn ti ń pàdé. Cloud kì í ṣe ojú ọ̀run o. Kọ̀ǹpútà ńláńlá àwọn iléeṣẹ́ bíi Amazon, Microsoft àti Google ni, tí èèyàn ń sanwó lò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àwọn kan máa ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ lára router wọn, kí wọ́n lè máa rí ìṣirò wọn láti ibikíbi. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Tọ̀sán-tòru làwọn olè ń fi ẹ̀rọ kan ilẹ̀kùn kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ WannaCry gba irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ wọlé, ó ti fáìlì pa ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150, títí kan àwọn ọsibítù ní Britain, ó sì ń béèrè 300 dọ́là. Oṣù Kẹta ọdún náà ni Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde. Àwọn tí kò fi sórí kọ̀ǹpútà wọn ló kó sí wàhálà.

VPN ló yẹ kẹ́ ẹ lò. Bí àrokò ló rí: ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà lè rí i, àmọ́ ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí nìkan ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Router ṣọ́ọ̀bù àti ẹnu ọ̀nà cloud yóò kọ́kọ́ dá ara wọn mọ̀, kí wọ́n tó máa sọ̀rọ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹni tó máa so ó, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin yìí:

Àkọ́kọ́, ṣé àdírẹ́sì ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra? Bí Iléṣà àti Òṣogbo bá jọ ń lo 192.168.1, iṣẹ́ tí ẹ rán kò ní mọ ilé tó máa yà sí. Ẹ fún Iléṣà ní 192.168.10, Òṣogbo ní 192.168.20, kí cloud ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìkejì, ṣé Wi-Fi àwọn oníbàárà dá dúró? VPN kì í dá olè tó ti wà nínú ilé dúró. Kọ̀ǹpútà ìṣirò nìkan ni kó gba ọ̀nà náà.

Ìkẹta, yàtọ̀ sí password, ṣé nọ́ńbà kan máa ń wọlé sórí fóònù kí èèyàn tó lè wọlé? Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá fiṣẹ́ sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ìkẹrin, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ ńkọ́? Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, ó sì kan àwọn báǹkì wa. Ẹ ní ìlà kejì lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn, kí ẹ̀dà ìṣirò sì wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Bí ẹni náà bá ń kólòlò, ẹ wá ẹlòmíì. Owó yín ló ń bẹ níbẹ̀.