Ìwé Méjì fún Ihò Kan: Ẹ̀kọ́ Ààbò Láti Upper Big Branch

Bí a bá dá ọ̀rọ̀ ààbò àwọn tó ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ̀rọ ṣe pàtàkì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a wo nǹkan kan tí kò náni lówó púpọ̀: ìwé àyẹ̀wò, àti ọwọ́ tó ń kọ ọ́. Ihò èédú Upper Big Branch ní ìpínlẹ̀ West Virginia, Amẹ́ríkà, ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á.

Ohun tó ń mú ihò èédú bú gbàmù

Inú èédú ni gáàsì méténì máa ń fara pamọ́ sí. Bí a bá ṣe ń gé èédú ni gáàsì yìí ń jáde. Kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Nígbà tó bá wà láàárín ìdá 5 sí ìdá 15 nínú 100 afẹ́fẹ́ inú ihò, iná díẹ̀ ti tó láti mú un bú gbàmù. Ìdí nìyí tí a fi ń fi fáànù ńlá fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù wọlé, kí gáàsì má bàa kó jọ. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, bó bá ti di ìdá 1 níbi iṣẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ pa iná mànàmáná tó ń lo ẹ̀rọ níbẹ̀. Bó bá di ìdá 1.5, àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀.

Eruku èédú tún burú ju gáàsì lọ. Ìbúgbàmù gáàsì lè má ju ojú kan lọ, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ a gbé eruku tó wà nílẹ̀ àti lára ògiri dìde, iná a sì mú un. Iná yẹn a tún gbé eruku iwájú dìde, báyìí ni yóò máa sáré kiri gbogbo ihò. Ní Courrières, ilẹ̀ Faransé, lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 1906, ìbúgbàmù eruku èédú pa ènìyàn 1,099.

Oògùn rẹ̀ kò ṣòro. A ó máa fọ́n omi sí ojú ibi tí ẹ̀rọ ti ń gé èédú. A ó sì máa da òkúta tí a lọ̀ kúnná sórí eruku èédú. Lẹ́búlẹ́bú òkúta yìí kì í jó. Bí eruku bá gbéra, òun náà a gbéra, a fa ooru mọ́ iná lọ́wọ́, iná a sì kú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2010

Gbogbo èyí ti wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ àti nínú òfin kí ọdún 2010 tó dé. Lẹ́yìn tí ihò Farmington pa ènìyàn 78 ní 1968 ni Amẹ́ríkà ṣe òfin líle ní 1969. Wọ́n tún un ṣe ní 1977. Òfin 1977 ní kí àwọn aláyẹ̀wò ìjọba wọ ihò abẹ́ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, kí ẹnikẹ́ni má sì ta àwọn onílé lólobó.

Síbẹ̀, lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2010, Upper Big Branch bú gbàmù. Òṣìṣẹ́ 29 kú. MSHA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò ibi ìwakùsà, sọ nínú àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ pé eyín ẹ̀rọ tó ń gé èédú ti jẹ tán, àwọn ẹnu omi ara rẹ̀ kan kò sí níbẹ̀ mọ́. Gáàsì díẹ̀ gbiná. Omi kò pa á. Eruku èédú tí wọn kò da lẹ́búlẹ́bú òkúta tó sí gbé iná náà lọ jìnnà.

Èyí tó bà mí nínú jẹ́ jù ni ti ìwé. Òfin ní kí wọ́n yẹ ihò wò láàárín wákàtí mẹ́ta kí àwọn òṣìṣẹ́ tó wọlé, kí wọ́n sì kọ gbogbo ewu tí wọ́n bá rí sílẹ̀. MSHA rí i pé ìwé oríṣi méjì ló wà. Wọ́n kọ àwọn ewu kan sínú ìwé tí ilé iṣẹ́ fi ń tọ́jú ẹ̀rọ àti iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò kọ wọ́n sínú ìwé tí òfin ní kí aláyẹ̀wò àti òṣìṣẹ́ kà. Bí aláyẹ̀wò bá sì dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti ránṣẹ́ sísàlẹ̀ pé àlejò ń bọ̀.

Nítorí náà, ẹni tó rí ewu wà, ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ wà. Àwọn tí ewu náà máa pa nìkan ni kò rí i kà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Àwọn tó kú pàápàá ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Nínú 24 tí wọ́n lè yẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn wò, 17 ni eruku èédú ti dá àrùn sí lára. Ní 2015, ilé ẹjọ́ dá Don Blankenship, ọ̀gá àgbà tẹ́lẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Massey Energy tó ni ihò náà, lẹ́bi pé ó lọ́wọ́ nínú ìmọ̀ràn láti máa rú òfin ààbò. Wọ́n dá a láre nínú àwọn ẹ̀sùn tó wúwo jù. Ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni wọ́n fún un.

Ohun tí a ó mú lọ síbi iṣẹ́

Èkíní, ìwé kan ṣoṣo ni kí ihò kan ní. Ohun tí fọ́mánì bá mọ̀, kí òṣìṣẹ́ tó ń wọlé náà mọ̀ ọ́n.

Èkejì, ẹ má ṣe kọ “ó dára”. Ẹ kọ iye gáàsì tí ẹ wọ̀n, ibi tí ẹ ti wọ̀n ọ́n, aago tó lù, àti orúkọ ẹni tí yóò tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Nọ́ńbà ṣeé yẹ̀ wò, “ó dára” kò ṣeé yẹ̀ wò.

Ẹ̀kẹta, òṣìṣẹ́ tó bá sọ pé ibì kan léwu kò gbọdọ̀ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Òfin 1977 fi èyí sínú, nítorí pé ẹni tí ebi ọmọ ń bà lẹ́rù yóò dákẹ́.

Ìsapá kì í ṣe lásán. Ní 1907, òṣìṣẹ́ èédú 3,242 ló kú ní Amẹ́ríkà. Ní 2016, àwọn 8 ni. Òótọ́ ni pé iye òṣìṣẹ́ ti dín kù gidigidi, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́, omi, lẹ́búlẹ́bú òkúta àti òfin tí wọ́n tẹ̀ lé wà lára ohun tó fà á.

Láìpẹ́, àwa náà ni wọn yóò máa gbé ìwé yẹn wá bá ní òwúrọ̀, tí àwọn ènìyàn á sì dúró lẹ́nu ihò, tí wọ́n ń retí kí a fọwọ́ sí i. Bí ohun tó wà níbẹ̀ kò bá jẹ́ òótọ́, ẹ má fọwọ́ sí i.