Ìtọ́jú Katakata: Pípààrọ̀ Ọ́ìlì àti Asẹ́ Rẹ̀

Ní Ìsinbọ̀dé-Èkìtì, ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Èkìtì, iṣẹ́ oko ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gbọ́ bùkátà. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo wà lára ohun tí wọ́n ń gbìn. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, àgbẹ̀ kò ní àyè ìfàsẹ́yìn mọ́. Ilẹ̀ tí ẹnì kan yóò fi ọkọ́ ro fún ọjọ́ púpọ̀, katakata lè tú u láàárín wákàtí díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí katakata bá kú sínú oko ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, òjò kò ní dúró dè é.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ fi ọgbọ́n òde òní ṣe àgbẹ̀. Ní ọdún 1959, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ètò ibùdó àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òrìn-Èkìtì sì wà lára àwọn ìlú tí ó ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà wá, onírúurú ìjọba ni ó ti ra katakata. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni koríko bò mọ́lẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n gbó, bí kò ṣe pé wọn kò rí ìtọ́jú.

Iṣẹ́ ńlá ni ọ́ìlì ń ṣe nínú ẹ́ńjìnnì. Kì í jẹ́ kí irin ha irin. Ó ń gbé ooru kúrò. Ó sì ń kó èérí èéfín àti ẹ̀rúnrún irin jọ. Asẹ́ ọ́ìlì, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fílítà, ni ó ń sẹ́ èérí náà, gẹ́gẹ́ bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ ògì. Bí asẹ́ bá dí, ọ̀nà kékeré kan yóò ṣí sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì má baà gbẹ, ọ́ìlì yóò sì máa kọjá láìsẹ́. Ìdọ̀tí náà yóò wá máa jẹ irin díẹ̀díẹ̀.

Wákàtí iṣẹ́ ni a fi ń ka ọjọ́ orí katakata, kì í ṣe máìlì bíi ti ọkọ̀. Ìwé tí ó bá katakata wá ni yóò sọ àkókò ìpààrọ̀. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, wákàtí 250 ni. Bí katakata bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8 lójúmọ́, iṣẹ́ ọjọ́ 31 péré nìyẹn.

Nígbà tí àkókò bá tó, kí awakọ̀ gbé katakata sí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ó fa bíréèkì, kí ó sì sọ ohun ìtúlẹ̀ kalẹ̀. Kí ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ díẹ̀, nítorí ọ́ìlì tí ó gbóná a máa ṣàn dáadáa, a sì máa kó èérí jáde. Lẹ́yìn èyí, kí ó pa á, kí ó sì ṣe sùúrù díẹ̀ kí ọ́ìlì má baà bó o lára. Kí ó gbé agbada sábẹ́, kí ó fi sípánà tú ìdérí ìsàlẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ọ́ìlì náà kán tán pátápátá. Bí ọ́ìlì bá funfun bí wàrà, omi ti wọ̀ ọ́. Bí ẹ̀rúnrún irin tí ń dán bá pọ̀ nínú rẹ̀, nǹkan ti ń bàjẹ́ nínú. Irú èyí di ti mẹkáníìkì.

Lẹ́yìn náà, kí ó tú asẹ́ àtijọ́, kí ó rí i dájú pé òrùka rọ́bà rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Kí ó fi ọ́ìlì pa rọ́bà asẹ́ tuntun, kí ó sì fi ọwọ́ lásán dè é. Ipá sípánà a máa ba rọ́bà jẹ́. Kí ó dé ìsàlẹ̀ padà, kí ó bu irú ọ́ìlì tí ìwé sọ sí i, kí ó sì fi ọ̀pá ìwọn wò ó. Kò gbọdọ̀ dín, kò sì gbọdọ̀ pọ̀ jù. Kí ó tan ẹ́ńjìnnì, kí ó wò bóyá ó ń jò, kí ó pa á, kí ó sì tún un wọ̀n. Ní ìkẹyìn, kí ó kọ ọjọ́ àti iye wákàtí sínú ìwé.

A kò gbọdọ̀ da ọ́ìlì dúdú sílẹ̀ tàbí sínú odò. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lè ba omi púpọ̀ jẹ́. Inú kẹ́ẹ̀gì tí ó ní ìdérí ni kí a kó o sí, títí a ó fi rí ẹni tí ń rà á.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Owó ọ́ìlì àti asẹ́ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnnì tuntun.

Ìbéèrè
1. Iṣẹ́ mẹ́ta wo ni ọ́ìlì ń ṣe nínú ẹ́ńjìnnì?
2. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ bí asẹ́ bá dí?
3. Kọ aròkọ lórí òwe tí ó parí ẹ̀kọ́ yìí.