Òru Kì í Ṣe ti Ìyá Nìkan
Ẹ̀kọ́ oṣù yìí: oorun ọmọ tuntun àti ìsinmi àwọn òbí rẹ̀

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu, pàápàá ẹ̀yin bàbá. Ẹ ó ní kí ló kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń ké lóru? Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, èlùbọ́ ni mò ń kó láti Ìpàpó níhìn-ín lọ sí ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn. Ọmọ náà kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ tí mo fi pọ̀n ọ́n padà sọ́jà, nítorí pé owó ẹgbẹ́ wà lọ́rùn mi. Lóru, ọmọ á ké títí di àfẹ̀mọ́júmọ́. Lọ́sàn-án, á sùn bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi kò sì lè sùn lọ́sàn-án. Ní ọjọ́ kan mo ka àpò èlùbọ́ mẹ́jọ fún oníbàárà, mo gba owó mẹ́fà, mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí mo délé tí mo ṣírò ni mo tó mọ̀. Àpò méjì lọ bẹ́ẹ̀. Kò sí olè níbẹ̀ o, oorun ló jí i gbé.

Ẹ wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Owó tí ìyá tí kò sùn bá ṣì kà, owó ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀.

1. KÍ LÓ Ń JẸ́ KÍ ỌMỌ TUNTUN MÁA JÍ LÓRU?

Àwọn àgbà máa ń pa á lówe pé ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun. Alágídí ni wọ́n ń pa òwe náà fún. Ọmọ ogójì ọjọ́ kò mọ àgídí. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Nínú ikùn ìyá rẹ̀, ọ̀sán àti òru kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i. Ara rẹ̀ ní láti kọ́ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì, ẹ̀kọ́ náà sì máa ń gbà á tó oṣù méjì sí mẹ́ta, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkejì ni ebi. Ikùn ọmọ tuntun kéré, wàrà ọmú sì tètè ń dà níkùn rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, ebi á tún pa á. Ọmú tó ń mu lóru ló ń mú un dàgbà, òun náà ló sì ń jẹ́ kí wàrà ìyá máa sun dáadáa.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 pé ọmọ tí kò tíì pé oṣù 4 nílò oorun wákàtí 14 sí 17 nínú wákàtí 24. Èyí tó wà láàárín oṣù 4 sí 11 nílò wákàtí 12 sí 16. Oorun tí ọmọ ń sùn pọ̀ ju tiwa lọ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ó kàn ń gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni gé iṣu ni. Àwa ló ń fẹ́ odindi.

Igbe náà ní àkókò tirẹ̀. Ó máa ń pọ̀ sí i láti ọ̀sẹ̀ kejì, á le jù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́, á sì rọlẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ń lọ sí oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọmọ tó ń mu ọmú dáadáa, tó ń tọ̀, tó ń sanra, tí ara rẹ̀ kò gbóná, tó kàn ń ké nírọ̀lẹ́, kò sí àjẹ́ tó ń bá a jà. Ẹ má tìtorí igbe ọmọ di ẹ̀sùn ru ìyá ọkọ.

2. OORUN TÍ WỌ́N Ń TÀ NÍNÚ ÌGÒ

Nígbà tí ó rẹ̀ mí tán, aládùúgbò kan gbé ìgò oògùn wá fún mi. Ó ní ṣíbí kan péré, ọmọ á sùn. Ọmọ sùn lóòótọ́. Ilẹ̀ mọ́, kò jí. Oòrùn yọ, kò jí. Mo fi ọmú sí i lẹ́nu, kò lè fà á. Ẹ̀rù bà mí, mo gbé e, ó di ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní kí n mú ìgò náà wá kí òun wò ó. Oògùn ikọ́ àti ọ̀fìnkìn àgbàlagbà ni, irú èyí tó máa ń mú ènìyàn tòògbé. Ọlọ́run yọ wá, ọmọ lajú nígbà tó di ìrọ̀lẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kí ọmọ sùn ọ̀tọ̀, kí ọmọ dákú ọ̀tọ̀.

Àwọn ìyá mìíràn kò rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà. Ní ìparí ọdún 2008, oògùn eyín ọmọdé kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin ba kíndìnrín ọ̀pọ̀ ọmọ wẹ́wẹ́ jẹ́ ní Nàìjíríà. Kẹ́míkà olóró kan tó ń jẹ́ diethylene glycol ni ó wọ inú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pò ó. Nígbà tí ó fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2009, iye ọmọ tí ìjọba kéde pé ó kú ti di 84. Àwọn ìyá wọn kò ṣe ìkà. Ọmọ ń ké, wọ́n ń wá ìrọ̀rùn fún un ni.

Gripe water tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1851 ní ọtí nínú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò yani lẹ́nu pé àwọn ọmọ ń sùn nígbà náà. Ọtí ló ń pa wọ́n.

Àgbo ńkọ́? Èmi kò bú àgbo o, àgbo ni ìyá mi fi wò mí. Ṣùgbọ́n àgbo tí a bá fi tipá rọ ọmọ lè gba ọ̀nà èémí lọ. Omi rẹ̀ lè máà mọ́. Kò sì sí ẹni tó lè sọ ìwọ̀n tí kíndìnrín ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lè gbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ mu ọmú nìkan títí á fi pé oṣù 6: kò sí àgbo, kò sí ẹ̀kọ, kò sí omi pàápàá. Bí ẹ bá ní ooru ilẹ̀ wa pọ̀, ẹ rántí pé nínú ìdá 100 wàrà ọmú, nǹkan bí ìdá 88 ni omi. Oyin náà, kò yẹ kí ọmọ tọ́ ọ wò kí ó tó pé ọdún kan, nítorí kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tó máa ń sọ iṣan ọmọ di aláìlágbára. Níbi ìsọmọlórúkọ, kí ìyá rẹ̀ bá a tọ́ ọ wò.

3. OHUN TÓ Ń RAN ỌMỌ LỌ́WỌ́

(a) Ẹ fi ọ̀sán àti òru hàn án. Lọ́sàn-án, ẹ gbé e sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ má pa ariwo ilé. Lóru, kí iná mọ níwọ̀n, kí ohùn rẹlẹ̀. Ẹ fún un lọ́mú, ẹ jẹ́ kí ó gùfẹ̀, ẹ pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ padà. Kò sí eré lóru.

(b) Ẹ pọ̀n ọ́n. Ní 1986, àwọn dókítà méjì ní Montreal, ní ilẹ̀ Kánádà, ní kí àwọn ìyá kan máa gbé ọmọ wọn mọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lójoojúmọ́, kódà nígbà tí kò ké. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọ̀sẹ̀ 6, igbe wọn fi ìdá 43 nínú 100 dín sí ti àwọn tí wọn kò gbé bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀já àwọn ìyá wa ti ń ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn. Kí orí ọmọ dúró dáadáa, kí aṣọ má sì bo imú rẹ̀.

(d) Ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, kí ó kọjú sókè. Kí ó má dojú bolẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kéde èyí ní Britain ní 1991 àti ní Amẹ́ríkà ní 1994, iye ọmọ tó ń kú lójijì lójú oorun sì dínkù gan-an. Kí ibùsùn má rọ̀ jù. Kí ìrọ̀rí àti òkìtì aṣọ má wà níbẹ̀. Kí ó sùn ní yàrá kan náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀, lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn. Ẹni tó mu ọtí tàbí tó lo oògùn tó ń mú oorun wá kò gbọdọ̀ bá ọmọ sùn lórí ẹní kan.

(e) Ẹ ṣọ́ ooru àti ọyẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ti tó. Nígbà ọyẹ́, ẹ wọ aṣọ fún un, ṣùgbọ́n ẹ má gbé iná eédú wọ yàrá. Èéfín rẹ̀ lè pa gbogbo ilé kí ilẹ̀ tó mọ́. Bákan náà ni èéfín jẹnẹrétọ̀.

(ẹ) Bí igbe bá kọjá agbára yín, ẹ tẹ́ ọmọ síbi tí kò léwu, ẹ jáde síta ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ mí kanlẹ̀, kí ẹ tó padà wọlé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọn ọmọ jìgìjìgì nítorí ìbínú. Ọpọlọ rẹ̀ lè bàjẹ́ títí láé.

4. ÀÁRÓ ÒRU

Kí òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó dé ilẹ̀ wa ní 1935 ni àwọn baba wa ti ń ṣe àáró. Lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Kò sí ẹni tí í dá kọ gbogbo ebè oko rẹ̀ nígbà tó ní ẹlẹ́gbẹ́. Kí ló wá dé tí a fi ń fi òru sílẹ̀ fún ìyá ọmọ nìkan láti kọ? Ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ẹ jẹ́ kí a pín òru náà báyìí:

Ìpín kìíní, agogo mẹ́jọ sí mọ́kànlá alẹ́: bàbá ọmọ ló ni ín. Ìyá á fún ọmọ lọ́mú, á lọ sùn. Bàbá á gbé ọmọ lé èjìká kí ó gùfẹ̀, á pààrọ̀ ìlédìí, á máa gbé e rìn. Bí ebi bá pa ọmọ nìkan ni á jí ìyá.

Ìpín kejì, mọ́kànlá sí márùn-ún ìdájí: ìyá ọmọ ló ni ín, nítorí ọmú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti fún un tán, kí ẹni tó wà nítòsí gbà á, kí ó bá a tẹ́ ẹ.

Ìpín kẹta, márùn-ún sí méje àárọ̀: ìyá àgbà, tàbí àbúrò tó wà nílé. Àwọn àgbà kúkú ti jí ní àkókò yìí. Kí wọ́n pọn ọmọ, kí ìyá rẹ̀ tún sùn.

Wákàtí mẹ́ta ní àkọ́sùn, wákàtí méjì ní ìdájí. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó kí ènìyàn fi ka àpò mẹ́jọ sí mẹ́jọ.

Ẹ̀yin bàbá, mo mọ̀ pé ẹ ó ní oko ń dúró dè yín. Òótọ́ ni. Oko ń dúró de ìyá ọmọ náà, ọjà sì tún ń dúró dè é. Ìyá tó dá gbé ńkọ́? Kí àwa obìnrin ẹgbẹ́ tó wà ní àdúgbò rẹ̀ pín ìrọ̀lẹ́ ọ̀sẹ̀ láàárín ara wa, kí ó lè rí wákàtí méjì sùn.

5. ỌJÀ ÀTI OWÓ ẸGBẸ́

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà fún obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn láyè ọ̀sẹ̀ 6 kí ó tó bímọ àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì gba ìdajì owó rẹ̀ ó kéré tán, bí ó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ta ni yóò fún oníṣòwò? Ta ni yóò fún àgbẹ̀? Kò sí, àfi àwa fúnra wa. Nítorí náà:

Aboyún tó ní ẹ̀yáwó lọ́wọ́, kí ó wá bá akọ̀wé kí ó tó bímọ. Àtúnṣe tí a bá jọ ṣe sí ìgbà ìsanwó kì í ṣe gbèsè tó kọjá ọjọ́. Kí tọkọtaya máa fi díẹ̀ kún owó àfipamọ́ wọn láti ìgbà tí oyún bá ti hàn. Kí ẹlẹ́gbẹ́ bá ìyá ọmọ dúró ti ọjà rẹ̀, kí wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ìyá ọmọ má dá owó ńlá kà láìsí ẹnìkejì, kí ó má sì fi ojú oorun tọwọ́ bọ ìwé onídùúró.

6. ÌGBÀ TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ DÚRÓ NÍLÉ

Bí ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì bá kọ ọmú, bí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí tí ó tutù jù, bí gìrì bá mú un, bí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè, bí ó bá ń mí tó ìgbà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, tàbí bí oorun rẹ̀ bá wúwo tí kò jí mu ọmú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ wo ìyá rẹ̀ náà. Ẹkún díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n bí ìbànújẹ́ bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, bí kò bá lè sùn nígbà tí ọmọ sùn, tí oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀, tàbí tó ń sọ pé kí òun kú, àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Àwọn dókítà tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun ní Iléṣà, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2005, rí i lára nǹkan bí 14 tàbí 15 nínú ìyá 100. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ, ẹ má sì pè é ní aláìmoore. Ẹ tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí nìdí tí ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fi ń jí lóru?
2. Oògùn tàbí àgbo wo ni a ti fi ń mú ọmọ sùn nílé wa? Ẹ mú ìgò rẹ̀ wá bí ó bá ṣẹ́kù.
3. Ta ni yóò gba ìpín kìíní nínú ilé yín? Kí bàbá dáhùn fúnra rẹ̀.
4. Ta ni ó bímọ ní àdúgbò yín ní oṣù yìí, ta ni yóò sì bá a dúró ti ọjà?

Ọmọ mi ọjọ́sí ti di géńdé báyìí. Ó ń sùn bí òkúta, kódà nígbà tí mo bá ń pè é sí oko. Ẹ̀yin tí tiyín ń ké lọ́wọ́, tiyín náà á sùn. Kí ó tó sùn, ẹ jẹ́ kí a jọ gbé e. Ó dìgbà o.