Páàkàrá Igbá Mẹ́rin: Eré fún Iyè Ọmọ Awo



Lóṣù tó kọjá, bàbá kan mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá bá mi ní Òmù-Àrán. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó ti ń kọ́ Ifá fún bí ọdún kan, kò sì tíì kọjá Ìrosùn. Bí wọ́n bá ní kó ka orúkọ àwọn Odù, á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, bó bá ti débẹ̀, á dákẹ́. Wọ́n ti nà án, nà án, ó ti sú wọn. Bàbá yìí ní, "Baba, ẹ bá mi wò ó, àfi bí ẹni pé wọ́n ti di iyè ọmọ yìí." Ifá ló ní kí n dá.

N ò gbé ọpọ́n Ifá. Ọpọ́n ayò ni mo gbé sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ò ta ayò rí, ilé 12 ló wà nínú ọpọ́n, mẹ́fà mẹ́fà fún ẹni méjì. Ọmọ ayò 48, mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó kó ọmọ inú ilé kan, ẹ ó máa fi wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan yí ọpọ́n ká. Bí èyí tó kẹ́yìn bá sọ ilé ẹni tí ẹ jọ ń ta di méjì tàbí mẹ́ta, ẹ jẹ ẹ́ nìyẹn. Ilé tí èèyàn bá kó ọmọ púpọ̀ jọ sí, odù ni wọ́n ń pè é. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn? Ọ̀ta á mọ iye tó wà nínú odù lórí. Ọ̀pẹ ló ń fọwọ́ kà á.

Èmi àti ọmọ yìí ta á. Láàárín eré, mo fi aṣọ bo ọpọ́n, mo ní kó sọ iye tó wà nílé kọ̀ọ̀kan. Nínú 12, mẹ́sàn-án ló gbà. Ṣé ọmọ tí wọ́n di ní iyè nìyẹn? Bàbá rẹ̀ kò lè fọhùn.

Ṣùgbọ́n ẹ má wá torí ìyẹn ra ọpọ́n ayò fọ́mọ, kẹ́ ẹ máa retí pé ẹsẹ Ifá á máa dà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó ń ta ayò, ayò ló ń mọ̀ sí i. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ọpọlọ náà rí i bẹ́ẹ̀: eré ìrántí tí èèyàn fi ń dánra wò, òun gan-an ló sábà máa ń mọ̀ ọ́n ṣe sí i, kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn dé ibòmíràn. Ohun tí ayò ṣe fún wa lọ́jọ́ yẹn ni pé ó jẹ́ ká mọ̀ pé iyè wà níbẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí ọmọ mọ Odù, Odù fúnra rẹ̀ la gbọ́dọ̀ sọ di eré.

Mo fọ́ igbá, mo gbẹ́ páàkàrá mẹ́rin, mo lu wọ́n, mo so wọ́n mọ́ okùn kan ṣoṣo. Kì í ṣe ọpẹ̀lẹ̀ o. Ọpẹ̀lẹ̀ ní ẹsẹ̀ méjì, mẹ́jọ ni tirẹ̀, èyí tí a sì ti bọ kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Bí inú igbá bá ṣí sókè, ìlà kan. Bí ẹ̀yìn bá wà lókè, ìlà méjì. Okùn yìí lè já sọ́nà 16, àwọn Odù àgbà 16 náà nìyẹn.

Mẹ́rìndínlógún pọ̀ jù fún ẹnikẹ́ni láti gbé mì lẹ́ẹ̀kan. George Miller, ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà kan, kọ ọ́ lọ́dún 1956 pé bíi nǹkan méje ni orí èèyàn lè gbá mú lójú ẹsẹ̀, bí kò bá dì wọ́n pọ̀. Àwọn baba wa ti dì í fún wa, a kì í kàn wò ó. Méjì méjì ni wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn. Ogbè ṣí pátá, Ọ̀yẹ̀kú dé pátá. Ibi tí Ìwòrì bá ti ṣí, Òdí á dé níbẹ̀. Láti Ìrosùn lọ, ọ̀nà yí padà: ẹ má ṣí i, ẹ má dé e, ẹ kàn fi orí okùn sí ìsàlẹ̀. Ìrosùn á di Ọ̀wọ́nrín, Ọ̀bàrà á di Ọ̀kànràn, Ògúndá á di Ọ̀sá, Ìká á di Òtúrúpọ̀n, Òtúrá á di Ìrẹtẹ̀, Ọ̀ṣẹ́ á di Òfún.

Ẹ wá wo ibi tí ọmọ yìí ti ń dúró. Ìrosùn! Ibi tí ọ̀nà ti yà gan-an, kò sẹ́ni tó sọ fún un, pàṣán ni wọ́n ń fún un. Nígbà tó yí okùn náà lọ́wọ́ ara rẹ̀, tó rí Ọ̀wọ́nrín, ó rẹ́rìn-ín.

Tó bá di ẹsẹ Ifá, eré ìbéèrè ni mò ń lò, bíi ti àlọ́ àpamọ̀. Ta ni awo tó dá a? Ta ni wọ́n dá a fún? Kí ni wọ́n ní kó rú? Ó rú u àbí kò rú u? Ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ẹyọ kan, ẹni tó bá gbàgbé á jó fún wa. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, a tún pa dà sí i, wọ́n á pààrọ̀ ipò. Ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ gbàgbé ni kẹ́ ẹ bi wọ́n. Èyí tí wọ́n bá fi agbára rántí ló ń dúró. Àwọn ọmọbìnrin wà níbẹ̀ o, àwọn ni wọ́n sì ń gbẹ́yẹ lọ́dọ̀ mi.

Bí ẹ bá sún mọ́ Ẹ̀sìẹ́, ẹ kó wọn lọ wo àwọn ère òkúta ní ilé tí wọ́n kọ́ fún wọn lọ́dún 1945. Ère náà lé ní 800. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wo mẹ́wàá, kó kẹ̀yìn sí wọn, kó ròyìn wọn: ta ló mú ọ̀bẹ, ta ló jókòó sórí àpótí, báwo ni irun orí rẹ̀ ti rí?

Bàbá ọmọ yẹn pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ ti dé Òfún, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fi Ìká pe Òtúrúpọ̀n, ṣé kí òun nà án ni? Mo ní kó fún un lókùn rẹ̀. Mo ti tó ọmọ ọdún 15 kí èmi náà tó yé ṣi méjèèjì pè.