Súìṣì kan fún géèmù méjì: bí mo ṣe fòpin sí ìyànjẹ tèmi

Gbogbo wa la mọ géèmù bíríkì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ “9999 in 1” sí lára. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá sílé-ìwé máa ń fi díje lójoojúmọ́. Kálukú mú tirẹ̀ dání, a jọ bẹ̀rẹ̀, ẹni tí bíríkì rẹ̀ bá kọ́kọ́ kún dókè ló pàdánù.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: mo máa ń yan án jẹ. Bí bíríkì bá ti fẹ́ há mi mọ́, màá rọra tẹ Start/Pause, màá sinmi, nígbà tí tirẹ̀ ṣì ń já bọ́. Lọ́jọ́ tó ká mi mọ́ ọn, ó dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ jókòó síwájú ọkọ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ kan, kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun ò gba ẹnu mi gbọ́ mọ́. Ni mo bá pinnu láti tún géèmù náà ṣe, kí n má lè yan án jẹ mọ́ bí mo tilẹ̀ fẹ́.

Alexey Pajitnov ló ṣe Tetris, tí géèmù bíríkì wa fara wé, ní Moscow lọ́dún 1984. Nígbà tí Nintendo gbé Game Boy jáde ní 1989, wáyà wà tí wọ́n fi ń so méjì pọ̀ kí ẹni méjì lè kojú ara wọn. Tiwa kò ní ihò wáyà kankan, àfi ká ṣe é fúnra wa.

Bí bọ́tìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Rọ́bà wà lábẹ́ rẹ̀ tí ìdí rẹ̀ dúdú. Dúdú yẹn ni kábọ̀n, iná sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Lórí pánẹ́ẹ̀lì, ojú méjì tí kò kanra wà níbẹ̀. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì, kábọ̀n á so wọ́n pọ̀. Wáyà méjì tó kanra lè ṣe iṣẹ́ kan náà.

1. Yọ bátìrì kí o tó tú u.
2. Gé rọ́bà Start/Pause kúrò nínú méjèèjì.
3. Lẹ́ẹ̀dì kì í mú kábọ̀n. Fi abẹ ha awọ tó bo ọ̀nà iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan títí bàbà á fi hàn, kí o jó wáyà mọ́ ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún rédíò ṣe ní Igbókòdá ló yá mi ní soldering iron.
4. Mú bọ́tìnnì kékeré méjì láti inú rédíò tó ti kú, ọ̀kan fún géèmù kọ̀ọ̀kan. Tò wọ́n sórí pákó, fi pákó pẹlẹbẹ kan lé wọn, kí ọwọ́ kan lè tẹ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Má ṣe pa wáyà géèmù méjèèjì pọ̀.

Ẹ má dán èyí wò lára ohun tó ń lo iná NEPA tàbí jẹnẹrétọ̀ o! Ẹ sì máa nu irin ibi bátìrì, nítorí afẹ́fẹ́ òkun Ìlàjẹ máa ń jẹ́ kó dípẹtà.

Ó ku ohun kan: bíríkì tó ń já bọ́ fún mi kì í ṣe irú tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí a sì ń pààrọ̀ géèmù.

Mo gbé e fún ọ̀rẹ́ mi nínú ọkọ̀. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, “Ta ló máa di súìṣì mú?” Ìyá kan tó ń lọ ta ẹja na ọwọ́: “Ẹ gbé e wá, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ẹ ò ní jà lórí omi.” Ọ̀rẹ́ mi nà mí ní 3 sí 0. Àṣé Start/Pause ló ń bá mi gbá a láti ọjọ́ yìí! Ṣùgbọ́n a ti jọ ń jókòó padà.