Fọ Ìgò Rẹ Ná

Ọmọ mi, ìyá rẹ sọ fún mi pé o ti wọ ọdún kẹta nídìí ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì l'Ákùúrẹ́, àti pé òjé, bàbà àti àwọn irin mìíràn tó ń ba ilẹ̀ àti omi jẹ́ ni o fẹ́ máa ṣèwádìí títí ọjọ́ ogbó. Ó ní kí n bá ọ sọ̀rọ̀, torí kò rí owó nídìí ẹ̀. Àbúrò mi kò parọ́, owó ibẹ̀ kò pọ̀. N kò ní torí ìyẹn ní kí o má ṣe é. Ọ̀rọ̀ tèmi kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: fọ ìgò rẹ.

Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi, mo bu omi kànga mẹ́wàá láti wọn òjé inú wọn. Gbogbo wọn ló ní in, ó sì pọ̀. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Mo ti ń rí orúkọ mi nínú ìwé ìròyìn. Ọ̀gá mi wo èsì mi títí, ó ní, "Omi tí o fi ṣan ìgò ńkọ́? Ṣé o wọn ìyẹn náà?" N kò wọ̀n ọ́n. Ìgbà tí mo padà wọ̀n ọ́n, òjé inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti kànga. Oṣù mẹ́rin ni mo fi wọn ìdọ̀tí ọwọ́ ara mi.

Clair Patterson, ará Amẹ́ríkà, bá irú rẹ̀ pàdé. Inú òjé ló ti fẹ́ ka ọjọ́ orí ayé, ṣùgbọ́n òjé ara aṣọ àti ti inú afẹ́fẹ́ kò jẹ́ kí ìṣirò rẹ̀ gún. Ọdún mélòó kan ló fi ń fọ yàrá iṣẹ́ kó tó sọ ní 1956 pé ayé ti tó bílíọ̀nù 4.55 ọdún. Ìdọ̀tí yẹn náà ló tọ̀ dé ìdí epo pẹtiróòlù olójé, èyí tí ilẹ̀ Áfíríkà níhà gúúsù Sàhárà kò jáwọ́ nínú rẹ̀ títí 2006 fi wọlé.

Èyí tó kàn wá ní Ìdànrè gan-an ni ti kòkó. Jerome Nriagu, ọmọ Íbò tó kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di ọ̀gá nídìí ìmọ̀ yìí ní Michigan, wà lára àwọn tó kọ ìwádìí kan tó jáde ní 2005. Àwọn olùkọ́ láti Abẹ́òkúta wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n kó kóró kòkó, èèpo rẹ̀ àti iyẹ̀pẹ̀ láti oko mẹ́fà ní Nàìjíríà. Òjé inú kóró kò ju 0.5 nánógíráàmù nínú gíráàmù kan. Bí ẹni ń wá ẹyọ kóró kan ṣoṣo nínú àpò kòkó tó lé ní 30,000 ni. Kòkó lílọ̀ tí ilé iṣẹ́ ti ṣe tán ńkọ́? Ó gòkè dé 230. Ṣokoléètì dé 70. Lójú ọ̀nà òkun àti nílé iṣẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù ti wọ̀ ọ́. Àgbẹ̀ jàre! Kì bá tí jàre ká ní àwọn tó wọ̀n ọ́n kò fọ ìgò wọn, torí òjé táṣẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, eruku lásán á bò ó mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n rí nǹkan lára èèpo. Èèpo kòkó a máa fa òjé mọ́ra, wọ́n sì fura pé èéfín epo olójé ń bà lé e níbi tí a ti ń sá a. Epo olójé ti lọ. Òjé tó ti dà sẹ́bàá títì kò lọ, a sì ń sá kòkó sórí ọ̀dà títí dòní, tí ọkọ̀ ń fẹ́ eruku sí i. Àwọn àgbà ní a ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni irin pẹ̀lú ilẹ̀. Láti ayé bàbá mi la ti ń fín oògùn oníbàbà sí kòkó nígbà òjò, kó má baà dúdú kó sì rà. Àtẹ́lẹwọ́ bàbá mi máa ń búlúù bí aṣọ ilé ìwé. Ewé tó fín sí ti jẹrà tipẹ́. Bàbà kì í jẹrà.

Má ṣe tìtorí èyí lọ dẹ́rù ba ìlú. Wọ̀n ọ́n ná. Ní Zamfara ní 2010, òjé inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nílé pa ọmọ tó lé ní 400. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń pa wọ́n, àfìgbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà.

Bí o bá dé fún ìsinmi, bu ìkúnwọ́ kòkó mẹ́ta fún mi: ọ̀kan látorí ẹní, ọ̀kan látorí àpáta lẹ́yìn ilé wa, ọ̀kan látorí ọ̀dà. Kọ ọ́ sára ọ̀rá èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Mú ọ̀rá kẹrin tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ dání, kí o wọn òun náà.