Ìperí fún Ìtọ́jú Awọ Ọwọ́: Ìdí tí "Abora" Kò Fi Yẹ

1. Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún ni ọwọ́ fi ń mọ́. Òwe náà sọ bí ọwọ́ ṣe ń mọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí àwẹ̀túnwẹ̀ ń mú kúrò lára awọ. Nọ́ọ̀sì, alágbàfọ̀ àti olóúnjẹ mọ̀ ọ́n dáadáa: ọwọ́ wọn a máa gbẹ, a máa yi, a sì máa là, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ìlànà ìmọ́tótó ọwọ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2009 dámọ̀ràn pé kí a máa pèsè ìpara ọwọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Bí olùtumọ̀ bá fẹ́ gbé irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ wọ inú Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sáábà máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀: ìpara. Iṣẹ́ yìí yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ó sì dábàá ìperí mẹ́ta tí a lè fi ya oríṣi ìpara sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ wọn.

2. Awọ ọwọ́ àti omi

Ìpele òde pátápátá lára awọ dà bí ògiri. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ti kú ni bíríkì rẹ̀. Ọ̀rá tí ó wà láàárín wọn ni amọ̀ tí ó so wọ́n pọ̀. Ògiri yìí ni kì í jẹ́ kí omi ara tètè fẹ́ lọ. Ọṣẹ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rá tí ó jẹ́ ìdọ̀tí àti ọ̀rá tí ó jẹ́ amọ̀ ògiri. Ó ń fọ méjèèjì lọ, omi gbígbóná a sì tún dá kún un. Bákan náà, ojú awọ kan díẹ̀: pH rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 5, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ ọṣẹ jẹ́ 9 sí 10. Àtẹ́lẹwọ́ tún ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí kò ní àwọn ihò tí ọ̀rá ń gbà sun jáde bí ti ojú àti orí. Nígbà tí ọṣẹ bá ti fọ ọ̀rá ibẹ̀ lọ, kò sí òmíràn tí yóò sun bò ó.

3. Iṣẹ́ mẹ́ta tí ìpara ń ṣe

Iṣẹ́ kìíní ni fífa omi. Gilisirín, tí Carl Wilhelm Scheele kọ́kọ́ rí ní Sweden ní 1779, a máa fa omi mọ́ra, a sì máa mú un dúró sínú awọ. Nítorí èyí ni ìdá 1.45 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ fi wà nínú omi ọlọ́tí apakòkòrò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìlànà pípò rẹ̀, kí ọtí náà má baà gbẹ ọwọ́ jù.

Iṣẹ́ kejì ni mímú awọ rọ̀. Òrí, tí ó jẹ́ ọ̀rá èso igi emi, àti àdín ń dí àlàfo tí ó wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, ojú awọ a sì dán.

Iṣẹ́ kẹta ni dídá omi dúró. Fasilíìnì, tí Robert Chesebrough gba ìwé-àṣẹ olùhùmọ̀ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 1872, kì í fi omi kún awọ rárá. Ọ̀nà tí omi ń gbà sá lọ ni ó ń dí. Ìda oyin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òrí ń ṣe iṣẹ́ kejì àti ìkẹta pọ̀. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ohun tí ń ṣe iṣẹ́ kìíní nìkan kò tó. Ó yẹ kí èyí tí ń ṣe ìkẹta wà lórí rẹ̀.

4. Ìṣẹ̀dá àwọn ìperí

Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì-, ọ̀rọ̀-ìṣe pa àti ọ̀rọ̀-orúkọ ara ni a fi ṣẹ̀dá ìpara. Ẹnìkan lè bèèrè pé bí ara bá ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà, báwo ni a ṣe lè pe nǹkan ní ìpara ọwọ́? Ìlò ti dáhùn: ìpara ètè àti ìpara ojú kò ṣe àjèjì sí etí ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ìpara lè dúró gẹ́gẹ́ bí orúkọ gbogbogbòò, kí ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e sì máa sọ iṣẹ́ rẹ̀.

Fún iṣẹ́ kìíní, ìperí tí a dábàá ni ìpara afami, láti inú a-, fà àti omi. Ìpàrójẹ tí ó wà nínú apọnmi ni ó wà nínú rẹ̀. Fún ìkejì, ìpara amáwọrọ̀, èyí tí ń mú awọ rọ̀. Ìkẹta ni ó gba àròjinlẹ̀.

5. Abora àti abóra

Ìperí tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn fún iṣẹ́ kẹta ni abora, nítorí pé irú ìpara yìí ń bo ara. Ó kúrú, ó bá òfin èdè mu, ó sì rọrùn láti pè. Ṣùgbọ́n ohùn òkè kan ṣoṣo ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára abóra, èyí tí ń bó ara. Àwọn ìpara abóra kan ní mẹ́kúrì nínú, tí ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Àwọn mìíràn ní oògùn sítẹ́rọ́ìdì líle tí ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àdéhùn Minamata ti 2013 fi 2020 ṣe òpin ìgbà fún ṣíṣe ìpara amáwọfunfun tí ó ní mẹ́kúrì, àti fún kíkó o wọlé tàbí jáde. Nínú ìwé tí kò ní àmì ohùn, bí ọ̀pọ̀ àkọlé ara agolo àti ìwé-ìléwọ́ ṣe rí, abora àti abóra di ọ̀kan. Aláìsàn tí ọwọ́ rẹ̀ ti là lè tipa bẹ́ẹ̀ ra ohun tí yóò tún bó o.

Aséomi náà kò bọ́ nínú irú ewu yìí. Bí àmì abẹ́ àti àmì ohùn bá fò, a lè kà á sí asẹ́ omi, ohun tí ń jẹ́ kí omi kọjá, tí ó jẹ́ òdìkejì ohun tí a ń wí. Nítorí náà, ìpara adáomidúró ni a dábàá. Kò dára kí a pa o inú omi jẹ, nítorí pé adámidúró lè dà bí ohun tí ó dá ènìyàn dúró. Ìperí náà gùn, ṣùgbọ́n bí a tilẹ̀ kọ ọ́ láìsí àmì kankan, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ní yí padà.

6. Ìlò nínú ìtọ́ni

Àpẹẹrẹ ìtọ́ni nìyí fún olùkọ́ àti olùtumọ̀: "Bí o bá fọ ọwọ́ tán, rọra fi aṣọ nu ún, má fi aṣọ ha á. Kí ọ̀rinrin tó tán lára rẹ̀, fi ìpara adáomidúró pa á, láti ẹ̀yìn ọwọ́ dé àárín ìka àti ìdí èékánná." Ó yẹ kí ìdí rẹ̀ tẹ̀ lé e: ìpara yìí kò lè dá omi tí kò sí níbẹ̀ dúró.

Ọ̀pọ̀ ìpara tí a ń tà ń ṣe ju iṣẹ́ kan lọ. Fún irú èyí, a lè so ìperí pọ̀, bí àpẹẹrẹ, ìpara afami adáomidúró. Lára agolo, èròjà tí ó pọ̀ jù ni a sábà máa ń kọ ṣáájú. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ iṣẹ́ gilisirín, òrí àti fasilíìnì lè fúnra rẹ̀ sọ irú ìpara tí ó wà lọ́wọ́ òun.

7. Ìkádìí

Kì í ṣe òfin èdè nìkan ni a fi ń díwọ̀n ìperí ìlera. Ó yẹ kí a kọ ọ́ láìsí àmì, kí a sì bi òǹkàwé tí kò mọ̀ ọ́n rí léèrè ohun tí ó rí níbẹ̀. Abora kùnà nínú ìdánwò yìí, aséomi kùnà, adáomidúró sì yege. Ìdánwò kan náà yẹ àwọn ìperí oògùn mìíràn tí a ti ń lò tipẹ́, kí wọ́n tó tún wọ ìwé ilé-ẹ̀kọ́.